Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tàbí ètò ìṣègùn alákànpọ̀: bí ẹ ṣe lè fi méjèèjì wéra kó tó di ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún

Láti ìparí oṣù kẹta títí wọ oṣù kẹrin lọ́dọọdún, irú ìpè kan náà ló máa ń wọlé láti Maryland, láti Houston, láti Brooklyn: ọmọ ti gba lẹ́tà méjì, ilé sì ti pín sí méjì. Lẹ́tà kan wá láti yunifásítì tó ní òun yóò san gbogbo owó ọmọ náà fún ọdún mẹ́rin, láti orí owó ilé ẹ̀kọ́ dé orí ibùgbé, oúnjẹ àti ìwé. Èkejì wá láti inú ètò tí wọ́n ń pè ní BS/MD. Nínú ètò yìí, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún gba àyè kọ́lẹ́ẹ̀jì àti àyè ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó bá sì ti pa òfin wọn mọ́, kò tún ní bá ẹnikẹ́ni du àyè mọ́. Bàbá ti ń pe ọmọ ní Dókítà lórí WhatsApp ẹbí. Ìyá ń ṣírò owó. Ọmọ fúnra rẹ̀ dákẹ́. Ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún sì ni ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà fẹ́ gbọ́ èsì.

Ohun tó ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí rú àwa tí a ti ilé wá lójú ni pé ìṣègùn tààrà la mọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá yunifásítì sílẹ̀ n'Íbàdàn ní 1948, ọmọ tó bá fẹ́ ṣe dókítà kì í kọ́kọ́ lọ gba oyè mìíràn. Lóde òní, á ṣe JAMB, á wọlé sí ìṣègùn, á sì jáde pẹ̀lú MBBS. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ifẹ̀, tí tiwọn ń jẹ́ MBChB. Ọ̀nà yìí ni Olufunmilayo Olopade gbà n'Íbàdàn kó tó di ọ̀jọ̀gbọ́n nípa àrùn jẹjẹrẹ ní Yunifásítì Chicago, òun náà ni Oluyinka Olutoye gbà n'Ífẹ̀ kó tó di oníṣẹ́ abẹ ọmọdé ní Texas. Ní Amẹ́ríkà, ìṣègùn ń bọ̀ lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́ ni: kọ́lẹ́ẹ̀jì ọdún mẹ́rin, ìdánwò MCAT, ìwé ìbéèrè sí ogún ilé ẹ̀kọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ọdún mẹ́rin ìṣègùn tó bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, tí òbí tó jáde ní UI bá rí BS/MD, á ní "ohun tó yẹ kó rí nìyí", á sì máa wo ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bí ẹni pé wọ́n ní kí ọmọ lọ gba ọ̀nà ẹ̀bùrú.

Ojú yẹn lè tan yín jẹ. N'Íbàdàn, ọmọ tí ìṣègùn bá já sílẹ̀ ní ọdún kejì pàdánù àkókò, ìtìjú díẹ̀ náà sì bá a. Níbí, ó lè pàdánù owó tó tó ra ilé.

Ohun tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń fún yín

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún yín ní owó tó dájú, ṣùgbọ́n kò ṣèlérí àyè ìṣègùn kankan. BS/MD fún yín ní àyè tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í sọ ibi tí owó yóò ti wá. Gbogbo àríyànjiyàn tó kù dá lórí èwo nínú àìdájú méjèèjì ni ìdílé yín lè gbé.

Orúkọ "accelerated" tí wọ́n ń fi pè é náà ní ọ̀rọ̀ nínú, nítorí pé kì í ṣe gbogbo ètò alákànpọ̀ ló ń yára. PLME ti Yunifásítì Brown gba ọdún mẹ́jọ pérépéré, iye kan náà tí ẹni tó bá gba ọ̀nà gbogbo ayé yóò lò tí kò bá sinmi láàárín. Ohun tí Brown gé kúrò ni MCAT àti ìpayà. CUNY School of Medicine ní Harlem, ti yunifásítì ìjọba ìlú New York, tó jáde láti inú ètò Sophie Davis tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1973, gba ọdún méje. Lára àwọn tó yára jù ni ti University of Missouri–Kansas City, tí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn rẹ̀ ti ń ṣe é láti 1971: ọdún mẹ́fà. Kí ẹ tó sọ pé "ó yá jù", ẹ ka ọdún tó wà nínú lẹ́tà tiyín.

Lọ́wọ́ kejì, "full tuition" kọ́ ni "full ride". Èyí àkọ́kọ́ ń san owó ilé ẹ̀kọ́ nìkan. Ilé àti oúnjẹ lè tó 15,000 sí 20,000 dọ́là lọ́dún, ọrùn yín ló sì wà. Kódà èyí tó san gbogbo rẹ̀ ní ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kì í mọ̀ títí ìwé IRS, àjọ owó orí Amẹ́ríkà, yóò fi dé: apá tó san owó ilé ẹ̀kọ́ àti ìwé tí wọ́n pa láṣẹ kò ní owó orí, ṣùgbọ́n apá tó san ibùgbé àti oúnjẹ, owó tó wọlé fún ọmọ ni ìjọba kà á sí. Kì í pọ̀ títí, àmọ́ ẹ fi sọ́kàn.

Owó

Ẹ jẹ́ ká mú ìdílé kan tó pọ̀ láàárín wa: ìyá jẹ́ nọ́ọ̀sì, bàbá ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Owó tó ń wọlé ti ga jù fún ìrànwọ́ tó jọjú, bẹ́ẹ̀ ni kò tó san kọ́lẹ́ẹ̀jì láìyáwó. Ká ní BS/MD ọlọ́dún méje ni ọmọ gbà, tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ibẹ̀ ń gba 60,000 dọ́là lọ́dún, tí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn sì ń gba 70,000, ilé àti oúnjẹ nínú rẹ̀. Ọdún mẹ́ta kọ́lẹ́ẹ̀jì jẹ́ 180,000. Ọdún mẹ́rin ìṣègùn jẹ́ 280,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 460,000. Ọmọ tó bá gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, tó sì wọ irú ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kan náà, á náwó 280,000. Ìyàtọ̀ àárín wọn jẹ́ 180,000.

Àwọn tó fẹ́ràn BS/MD ní èsì fún èyí, èsì wọn kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé. Wọ́n á ní ọdún kan tí ọmọ jèrè yẹn, ọdún kan owó oṣù dókítà ni, ìyẹn sì ju 200,000 lọ ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka. Lórí bébà, gbèsè kọ́lẹ́ẹ̀jì ti parẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìjọba yóò kọ́kọ́ mú owó orí tirẹ̀ nínú owó dókítà náà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, owó yẹn jìnnà: lẹ́yìn MD, rẹ́sídẹ́ńsì (ìkọ́ṣẹ́ dókítà ní ilé ìwòsàn) ọdún mẹ́ta ń dúró de ẹni tó fẹ́ ṣe dókítà ìdílé tàbí ti ọmọdé, ọdún márùn-ún fún iṣẹ́ abẹ gbogboogbò, ọdún méje fún iṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Èlé kì í dúró dè é. Owó tí akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ń yá lọ́wọ́ ìjọba ń gba èlé tó súnmọ́ 8 nínú ọgọ́rùn-ún lásìkò yìí, láti ọjọ́ tí owó bá ti bọ́ sọ́wọ́. Lórí 200,000, ìyẹn jẹ́ nǹkan bí 16,000 dọ́là lọ́dún kí ẹnikẹ́ni tó san kọ́bọ̀ nínú gbèsè gan-an. Èyí tó sì ń dùn mí jù ni pé òbí ló ń san owó kọ́lẹ́ẹ̀jì lónìí, ọmọ ló máa gba owó dókítà lọ́la. Kì í ṣe àpò kan náà.

Òfin tuntun tún ti yí ìṣírò náà padà. Òfin tí ààrẹ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ọjọ́ 4 oṣù keje 2025 ti ilẹ̀kùn Grad PLUS mọ́ àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yáwó láti ọjọ́ 1 oṣù keje 2026. Grad PLUS yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn fi ń yá iyekíye tí ilé ẹ̀kọ́ bá sọ pé òun ń gbà. Ní báyìí, 50,000 dọ́là lọ́dún ni òpin, àpapọ̀ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju 200,000 lọ. Parent PLUS tí òbí ń yá fún kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ti ní òpin: 20,000 lọ́dún, 65,000 lórí ọmọ kan. Ọmọ fúnra rẹ̀ kò lè yá ju 5,500 lọ ní ọdún àkọ́kọ́.

Ẹ padà sí àpẹẹrẹ wa. Ní ọdún àkọ́kọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, 60,000 ni wọ́n ń béèrè. Ìjọba kò ní yá ìdílé náà ju 25,500 lọ. Ní ìṣègùn, 70,000 ni wọ́n ń béèrè. 50,000 ni ìjọba máa fi sílẹ̀. Ibi tó bá ṣí sílẹ̀ láàárín, ẹ fi owó ara yín dí i, tàbí kí ẹ lọ sí báńkì aládàáni tó máa ní kí bàbá wá fọwọ́ síwèé gẹ́gẹ́ bí onídùúró. Ìdílé tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti gba kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ́rùn wọn lè fi ọdún mẹ́rin kó owó jọ, 20,000 tó ń ṣẹ́kù lọ́dọọdún ní ìṣègùn kò sì ní bá wọn lójijì. Nítorí òfin yìí, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ níye lórí lónìí ju bó ṣe rí fún ọmọ tó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní 2020 lọ. Tí ẹni tí ọmọ rẹ̀ gba BS/MD nígbà yẹn bá ń gbà yín nímọ̀ràn, ẹ rántí pé Grad PLUS ṣì wà nígbà tiẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi àpẹẹrẹ mi ṣe òfin. Ọmọ New York tó bá wọ ètò CUNY, 6,930 dọ́là ni owó ilé ẹ̀kọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì CUNY fún ọmọ ìpínlẹ̀ lọ́dún, ó sì lè máa ti ilé lọ. Nígbà náà, 180,000 tí a ń pariwo rẹ̀ yẹn ti di ohun kékeré. Brown yàtọ̀: kì í fún ẹnikẹ́ni ní owó nítorí pé orí rẹ̀ pé, kìkì nítorí àìní ni, iye tí ọdún kan ń gbà níbẹ̀ sì ju 85,000 lọ kí ìrànwọ́ tó wọ̀ ọ́. Ìdílé tí owó rẹ̀ kéré lè san owó táṣẹ́rẹ́ ní Brown. Ìdílé nọ́ọ̀sì àti oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà lè san ohun tó máa mú wọn pariwo. Òfin ti fi dandan lé e láti 2011 pé kí kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ̀ọ̀kan gbé ẹ̀rọ ìṣírò owó sórí ìkànnì rẹ̀. Ẹ fi owó tó ń wọlé fún yín gan-an sínú rẹ̀, kì í ṣe èyí tí ẹ sọ fún àwọn ará ilé.

Ohun kan tún wà tí BS/MD ń gbà lọ́wọ́ yín tí kò sí nínú ìwé ìṣírò. Ọmọ tó ti so mọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kan kò lè lépa àwọn tó ti di ọ̀fẹ́. NYU ti ń kọ́ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn rẹ̀ láìgbowó ilé ẹ̀kọ́ láti 2018. Albert Einstein ní Bronx dara pọ̀ ní 2024, nígbà tí Ruth Gottesman fi bílíọ̀nù kan dọ́là ta wọ́n lọ́rẹ. Lọ́dún kan náà, bílíọ̀nù kan dọ́là láti ọwọ́ Bloomberg mú kí Johns Hopkins di ọ̀fẹ́ fún ọmọ ìdílé tí owó rẹ̀ kò tó 300,000 lọ́dún. Inú mi dùn sí i, ṣùgbọ́n mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi í sínú ètò owó ìdílé. Gbogbo ẹni tó bá mọ̀ nípa rẹ̀ ló ń kan ilẹ̀kùn yẹn.

Àyè: ṣé ìlérí yẹn tó bí wọ́n ṣe ń gbé e?

Ní ọdún kọ̀ọ̀kan, ó lé ní 50,000 ènìyàn tó ń béèrè àyè ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn MD ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí 23,000 sì ń wọlé. Ìyẹn jẹ́ méjì nínú márùn-ún, ó lé díẹ̀, láìka àwọn ilé ẹ̀kọ́ DO, irú oyè dókítà kejì tí wọ́n ń gbà ní Amẹ́ríkà. Ẹ má sì gbàgbé àwọn tí organic chemistry ti lé sẹ́yìn tí wọn kò béèrè rárá.

Síbẹ̀, ọmọ tí wọ́n fún ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ pátápátá kì í ṣe ọmọ tó wà láàárín. Àtẹ tí AAMC, ẹgbẹ́ àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, máa ń gbé jáde fi hàn pé ẹni tí GPA rẹ̀ bá ju 3.79 nínú 4.0 lọ, tí MCAT rẹ̀ sì wà láàárín 514 sí 517 nínú 528, ó ń rí àyè ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ẹ kà á síwá, ẹ kà á sẹ́yìn: ọ̀pọ̀ irú wọn ń wọlé, ṣùgbọ́n ẹnì kan nínú mẹ́rin tó ṣe gbogbo ohun tó yẹ kó ṣe ṣì ń gbọ́ "rárá" lọ́dún tó béèrè. Ìdánilójú tí BS/MD ń tà, ẹni yẹn ló ń tà á fún.

Ó sì ní ohun tó kan àwọ̀ wa. Lẹ́yìn ìdájọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní oṣù kẹfà 2023, tó ní kí yunifásítì má fi ẹ̀yà gba ọmọ wọlé mọ́, iye àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní 2024 fi ohun tó ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún dín kù sí ti ọdún tó ṣáájú. Àyè tó ti wà lọ́wọ́ ọmọ yín láti ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ti gbówó lórí nìyẹn. Mi ò ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Ṣùgbọ́n àyè náà ní okùn lẹ́sẹ̀. Àwọn kan ní GPA kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju 3.5 lọ, àwọn mìíràn 3.75. Ọ̀pọ̀ ń fi kún un pé GPA sáyẹ́ǹsì náà kò gbọdọ̀ já. Brown àti ètò GAP ti Pittsburgh kò béèrè MCAT. Àwọn mìíràn ń béèrè rẹ̀, wọ́n sì ń dárúkọ iye tí ọmọ gbọ́dọ̀ gbà. BS/MD tó béèrè MCAT tó ga tó èyí tí àwọn tó ń wọlé sábà ń ní, ìyẹn nǹkan bí 511 tàbí 512, kò fún yín ní nǹkan púpọ̀: ọmọ tó bá lè gba iye yẹn pẹ̀lú 3.8 ti ní ìrètí tó dára níbi gbogbo. Tó bá béèrè MCAT, ẹ wo iye tó béèrè kí ẹ tó wo ohunkóhun mìíràn nínú lẹ́tà.

Ẹ bèèrè ohun mẹ́ta míì lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì gba èsì rẹ̀ lórí ìwé. Tí GPA ọmọ bá já ní sáà kan, ṣé ìkìlọ̀ ni àbí ìlékúrò? Tó bá béèrè àyè ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn mìíràn, ṣé tibí ti bọ́ nìyẹn? Nínú àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún méje sẹ́yìn, mélòó ló dé òpin? Ọ́fíìsì tó bá ń lọ́ ọ̀rọ̀ lórí ìbéèrè kẹta ti dá yín lóhùn. Ètò tó ti pẹ́ náà lè parẹ́ lójú àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn: HPME ti Northwestern, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1961 tí gbogbo ènìyàn ń fi yangàn, kò gba ọmọ tuntun mọ́.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà ní òfin tirẹ̀. GPA tó sábà máa ń béèrè wà láàárín 3.0 sí 3.5, sáà mẹ́jọ ni ó ń san, kì í sì í san ti ìgbà ooru. Àwọn kan tún ní ohun tí wọ́n ń wá. Meyerhoff ní UMBC, yunifásítì kan ní Maryland, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1988, ń wá ọmọ tó fẹ́ ṣe ìwádìí dé PhD tàbí MD-PhD. Ọmọ tó bá dé ibẹ̀ pé "dókítà alábẹ́rẹ́ nìkan ni mo fẹ́ ṣe" ti ṣi ilẹ̀kùn kàn. Ó dára kí òbí tó ń gbé ní Maryland mọ èyí ṣáájú.

Ọdún

Lórí ọ̀rọ̀ ọdún, mi ò ní pẹ́. Ọdún mẹ́rin àti mẹ́rin kì í jẹ́ mẹ́jọ lóde òní. Ó ju ìdajì àwọn tó ń wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn lọ tó ti lo ọdún kan ó kéré tán láàárín, wọ́n ń ṣiṣẹ́ nínú ilé ìwádìí, wọ́n ń gbé aláìsàn, wọ́n ń tún MCAT ṣe. Nítorí náà, ẹ ka ọ̀nà ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sí mẹ́jọ sí mẹ́wàá, ẹ wá fi wé mẹ́fà, méje tàbí mẹ́jọ tó wà nínú BS/MD tiyín. Ọmọ Kansas City lè di dókítà ní ọdún mẹ́rìnlélógún, ìgbà ooru rẹ̀ yóò sì lọ sórí ìwé. Fún ọmọbìnrin tó fẹ́ ṣe rẹ́sídẹ́ńsì tó gùn, tó sì fẹ́ bímọ láìsáré, ọdún méjì tàbí mẹ́ta kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀.

Ọmọ náà ńkọ́?

Tí ẹ bá bi ọmọ níwájú bàbá rẹ̀ pé ṣé ó fẹ́ ṣe dókítà, "Yes, Dad" lẹ máa gbọ́. Ìyẹn kì í ṣe èsì. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n tàbí àǹtí tí kò ní ohun kankan tó máa pàdánù bi í nínú mọ́tò, níbi tí kò ti ní láti wo ojú ẹnikẹ́ni. Ẹ bi í nípa ohun tó ti rí, ẹ má bi í nípa ohun tó fẹ́. Ṣé ó ti tẹ̀ lé nọ́ọ̀sì ṣiṣẹ́ alẹ́ rí? Ṣé ó ti rí i tí dókítà ń fi ìrọ̀lẹ́ odidi kọ ìwé aláìsàn sórí kọ̀ǹpútà? Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ń mú un lójú? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa mọ ilé ìwòsàn nítorí pé ìyá wọn ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ìyẹn sì dára. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń bọ̀ wálé pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú ni wọ́n mọ̀, wọn kò tíì mọ iṣẹ́ dókítà.

Fún ọmọ tó bá ń ṣiyèméjì, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ń jẹ́ kó lè yí padà láìsí gbèsè. Kizzmekia Corbett, tó wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà Moderna, Meyerhoff ló ti jáde ní UMBC, PhD ló sì gbà, kì í ṣe MD. Ọmọ tó ń bá BS/MD lọ náà lè kúrò, kò sẹ́ni tó dè é mọ́lẹ̀, àmọ́ á fi ọdún méjì kọ́lẹ́ẹ̀jì olówó ńlá sẹ́yìn. Mo sì ti rí i pé owó tí òbí ti ná ń mú kí ọmọ dúró síbi tí ọkàn rẹ̀ ti kúrò tipẹ́.

Ọmọ tó dájú náà wà. Ẹ máa mọ̀ ọ́n: kò ní í sọ̀rọ̀ aṣọ funfun, á sọ orúkọ aláìsàn kan tó bá ṣeré ní ilé àgbàlagbà. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀, tí ìdánwò bá sì máa ń já láyà, BS/MD tí kò béèrè MCAT yẹ fún un ju bí ìwé ìṣírò ṣe máa ń sọ lọ.

Páálí

Tí ọmọ kò bá jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, tí kò sì ní green card, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Púpọ̀ nínú àwọn ètò BS/MD kì í gba irú rẹ̀, ìjọba àpapọ̀ kì í yá a lówó, ìwọ̀nba ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn díẹ̀ ló sì ń gba akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lórí físà F-1. Fún ọmọ tó ń bọ̀ tààrà láti Èkó, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni kó gbà, kí ìṣègùn tó di ohun tí wọ́n ń jíròrò lẹ́yìn náà.

Ilẹ̀kùn kẹta

Ẹni tó gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kò tíì pàdánù àyè ìpamọ́ pátápátá. Icahn School of Medicine ní Mount Sinai ní ètò FlexMed, tí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì èyíkéyìí lè béèrè, láìṣe MCAT. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn mìíràn ní irú rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tiwọn nìkan, nítorí náà ẹ wádìí bóyá yunifásítì tó fún yín ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, àti bóyá ó ń ṣe é. Ó le láti wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tó bá béèrè rẹ̀ ti mọ ara rẹ̀ ju ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lọ. Fún ọmọ tó fẹ́ràn ìwádìí, ètò MD-PhD tí NIH, àjọ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, ń ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀ lábẹ́ orúkọ MSTP ń san owó ilé ẹ̀kọ́, ó sì ń fún un lówó oúnjẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń gba nǹkan bí ọdún mẹ́jọ.

Àyè wà pẹ̀lú láti gba méjèèjì pọ̀. Ní àwọn yunifásítì kan, Pittsburgh wà lára wọn, ọmọ tó gba àyè ìṣègùn ìpamọ́ ṣì lè gba owó ẹ̀bùn fún kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ẹ bèèrè, wọn kì í máa sọ ọ́ fúnra wọn.

Ibi tí mo dúró

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Fún ìdílé àpẹẹrẹ wa, tó ní àbúrò méjì lẹ́yìn, tí BS/MD wọn wà ní yunifásítì aládàáni tó ń gba 60,000 tí kò sì dín kọ́bọ̀, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni mo máa sọ, láìdúró. Gbèsè lórí gbèsè pẹ̀lú òpin tí ìjọba fi sórí ẹ̀yáwó yìí ti le jù. Fún ọmọ Bronx tí CUNY gbà, tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ rẹ̀ sì wà ní ìpínlẹ̀ tó jìnnà, ní yunifásítì tí kò ní ilé ìwòsàn nítòsí tí ọmọ lè máa lọ ṣèrànwọ́, CUNY ni. Fún Brown, èsì wà nínú lẹ́tà ìrànwọ́ owó: tí ohun tí wọ́n ní kí ẹ san lọ́dún bá wà ní ìwọ̀n ohun tí ẹ lè san láìyáwó, ẹ gba àyè yẹn, kí ẹ má wẹ̀yìn. Tó bá jẹ́ pé ilé ni ẹ máa fi dúró, rárá.

Ètò ọlọ́dún mẹ́fà nìkan ni mo máa ń lọ́ra sí. Kì í ṣe nítorí ètò náà, ó ti kọ́ dókítà rere láti àádọ́ta ọdún ó lé. Ọmọ tó yẹ fún un kò pọ̀ ni, òbí tó rò pé tòun wà lára wọn ló pọ̀.

Tí ẹ kò bá tíì rí ojú ọ̀rọ̀ náà, ẹ fóònù ọ́fíìsì ìrànwọ́ owó ti BS/MD, ẹ fi lẹ́tà ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ hàn wọ́n, kí ẹ sì bèèrè bóyá wọ́n lè fi nǹkan kún un. Nígbà mìíràn wọ́n á fi kún un, pàápàá ní àwọn aládàáni tó ń fún ọmọ ní owó ẹ̀bùn. Ẹ má san owó ìdúró sí ibi méjèèjì. Yunifásítì lè gba àyè padà lọ́wọ́ ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ọmọ fúnra rẹ̀ sì kọ lẹ́tà sí ibi tí kò ní lọ, lọ́jọ́ tí ẹ bá ti pinnu. Àyè àti owó tó bá jọ̀wọ́ lè kan ọmọ kan tó wà lórí àtòkọ àwọn tó ń dúró, tí ìyá tòun náà ti ń ṣírò láti oṣù kẹta.